Imí-ọjọ́ inú dísù: ṣé ọ́síjìn lè yọ ọ́?

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ni. Ó kúkú bá ọ̀rọ̀ tòní mu. Ọ̀kan nínú yín fi fóìsì nóòtù ránṣẹ́ pé òun kà á lórí fóònù pé háídírójìn pẹ́rọ́ksáìdì, èyí tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò, máa ń yọ imí-ọjọ́ kúrò nínú dísù. Ó ní ṣé kí òun da díẹ̀ sínú táǹkì jẹnẹrétọ̀ àwọn? Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, má tíì dà á.

Láti abẹ́ ilẹ̀ ni imí-ọjọ́ ti wà nínú epo rọ̀bì. Tí dísù bá jó, ó máa di gáàsì tó ń ta ni nímú, tó ń mú kí àyà há mọ́ àwọn tó ní ikọ́ fée. Gáàsì yẹn kò ní àwọ̀ o. Èéfín dúdú tí ẹ ń rí, nǹkan mìíràn nìyẹn.

Ní Yúróòpù, láti 2009, imí-ọjọ́ inú dísù ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 10 nínú tọ́ọ̀nù kan lọ. Tiwa ńkọ́? 3,000 ni Nàìjíríà ń gbà láyè nígbà tí àwa, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fẹnu kò ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 pé ká sọ ọ́ di 50. Ọ̀pọ̀ nínú epo yẹn, láti èbúté Yúróòpù kan náà ló ti ń wá nígbà náà.

Bí ilé ìfọpo ńláńlá ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á mú epo gbóná dé nǹkan bíi 300 sí 400 ní ìwọ̀n Celsius, wọ́n á fi agbára ti gáàsì háídírójìn sínú rẹ̀, háídírójìn á sì gba imí-ọjọ́ lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi lára àwọn olórí kunkun kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó le jù ń jẹ́ 4,6-dimethyldibenzothiophene. Orúkọ gùn, mo mọ̀. Ẹ ṣáà fojú inú wo ẹni tó jókòó sáàárín nínú dánfó, tí àwọn sànràn méjì fún un mọ́ra lọ́tùn-ún lósì. Kọ̀ńdọ́ fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

Ọ́síjìn kì í wá fa imí-ọjọ́ yọ ní tirẹ̀, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ́síjìn méjì á so mọ́ imí-ọjọ́ kan, ó di sulfone. Sulfone fẹ́ràn omi kẹ́míkà bíi acetonitrile ju dísù lọ, torí náà tí wọ́n bá fi fọ epo, á bá a jáde. Nǹkan bíi 60 Celsius ti tó. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé àwọn sànràn méjì yẹn gan-an ló ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ imí-ọjọ́, tí ọ́síjìn fi ń tètè rí i mú.

Ṣùgbọ́n pẹ́rọ́ksáìdì kò lè dá a ṣe. Inú omi ló wà, omi àti epo kì í sì í pò. Ó nílò kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú iṣẹ́ yá tí òun fúnra rẹ̀ kì í tán síbẹ̀: molybdenum, tungsten, vanadium. Tí wọ́n bá yọ́ ọ sínú omi, á ṣiṣẹ́, àmọ́ àtikó o padà di wàhálà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí hóró sílíkà tàbí alúmínà. Sílíkà yìí, ọmọ ìyá yanrìn ni, ihò tíntìntín ló kún inú rẹ̀. Tí a bá tẹ́ ojú gbogbo ihò inú gíráàmù kan ṣoṣo sílẹ̀, ó lè fẹ̀ ju pápá tẹ́nìsì lọ. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì, wọ́n á tún un lò. Bí ìwé ṣe wí nìyẹn o. Lójú iṣẹ́, irin náà máa ń ṣí kúrò lára hóró díẹ̀díẹ̀, sulfone sì máa ń dí ihò. Bí ẹnikẹ́ni bá ń polówó kátálíìsì tuntun fún yín, iye ìgbà tó ti tún un lò ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tọ́ọ̀nù dísù kan tó ní kílò 3 imí-ọjọ́, ìyẹn 3,000 yẹn, máa jẹ kílò 6 ó lé pẹ́rọ́ksáìdì pọ́ńbélé, ó kéré tán. Imí-ọjọ́ náà kò sì ní dá lọ. Tó bá jẹ́ inú dibenzothiophene ni gbogbo rẹ̀ wà, nǹkan bíi kílò 17 epo ló máa bá a lọ. Ta ló máa san owó yẹn? Lójú tèmi, kí háídírójìn kọ́kọ́ kó èyí tó pọ̀, kí ọ́síjìn wá mú àwọn olórí kunkun tó ṣẹ́ kù.

Ó wá ku ọ̀rẹ́ wa àti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Má dà á o. Pẹ́rọ́ksáìdì ilé oògùn, 3% ló sábà máa ń jẹ́, omi ló kù. Omi nínú táǹkì dísù á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dógùn-ún. Ká tiẹ̀ ní ó ṣiṣẹ́, bí o kò bá fọ sulfone kúrò, inú epo náà ló ṣì wà. Tó bá jó, gáàsì kan náà ló máa dà. Gbé jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà sí fèrèsé ní tìẹ.

Hẹn-ẹn, ti ilé kejì ti pa. Iná ti dé. Ẹ jẹ́ n sáré lọ ṣáájì fóònù mi.