Ẹ̀kọ́ Títún Àwòrán Ṣe Lórí Kọ̀ǹpútà àti Ohun Tí Ó Kàn Ìlú Wa Níbẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogbogbò ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú)

Ìgbìmọ̀ ní kí àwa tí a lọ kọ́ iṣẹ́ títún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà wá ṣe àlàyé iṣẹ́ náà fún ìjókòó yìí. Àwọn òbí kan ń bèèrè pé irú ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ ń tìtorí àwòrán wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ kọ́, nígbà tí onífọ́tò tí ó wà nítòsí ọjà kò lọ sí ibì kankan kí ó tó mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Kí a kọ́kọ́ sọ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ní 1978, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nípa àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá nínú ìwé ìròyìn African Arts, ó sì ròyìn ohun tí ó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo nínú yàrá òkùnkùn, tí yóò fi dàbí ẹni pé àwọn ìbejì náà jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin ni èyí tí ó lọ, tí ọkùnrin sì ni èyí tí ó kù, wọn a fi aṣọ obìnrin wọ̀ ọ́ fún àwòrán kejì. Ẹ kíyè sí i pé a kò tan ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀. Ìyá mọ̀, ará ilé mọ̀, àlejò tí ó bá sì bèèrè yóò gbọ́ òtítọ́. Ìtùnú ni iṣẹ́ náà. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ti kọ̀ǹpútà, kò mọ ojú, kò sì mọ imú. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ní 1957, Russell Kirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ka àwòrán ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta sínú kọ̀ǹpútà. Ẹyọ tíntìntín 176 ni ó wà ní ìbú àwòrán náà, 176 ni ó sì wà ní òró rẹ̀. Irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní píksẹ́lì. Lónìí, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan máa ń ní nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan a sì máa lọ láti 0 dé 255. Bí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, àwọ̀ 16,777,216 ni ó lè jáde. Àwòrán àtijọ́ kan tí ó jẹ́ ínǹṣì 4 ní ìbú, tí ó sì jẹ́ ínǹṣì 6 ní òró, bí a bá fi síkánà kà á ní píksẹ́lì 600 sí ínǹṣì kan, yóò di píksẹ́lì 8,640,000. Ẹni tí ń tún àwòrán ṣe, olórí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni.

Ní 1990 ni ilé-iṣẹ́ Adobe gbé Photoshop jáde, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ìyá méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Thomas àti John Knoll. Ní 1994 ni wọ́n fi ohun tí a lè pè ní ìpele kún un. GIMP, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan kọ́bọ̀, jáde fún gbogbo ènìyàn ní 1996. Nítorí náà àìlówó kò gbọdọ̀ dí ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́.

Níbi ìpele yìí ni ẹ̀kọ́ gíga ti yàtọ̀ sí èyí tí a ń wò kọ́ lẹ́nu ìsọ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ jinlẹ̀ a máa kun àwọ̀ lé ara àwòrán gan-an, bí ó bá sì bàjẹ́, ó bàjẹ́ náà nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí kì í fi ọwọ́ kan ojúlówó. Ó dàbí ẹni tí ó to dígí mọ́gínní léra wọn lórí àwòrán, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí dígí, tí ó sì lè gbé èyíkéyìí kúrò nígbà tí ó bá wù ú. Lẹ́yìn ìpele ni a ó kọ́ ìbòjú. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ mọ adìrẹ ẹlẹ́kọ yóò tètè mọ ohun tí à ń wí. Ibi tí ẹ bá fi ẹ̀kọ yà sí lára aṣọ, aró kì í mú ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbòjú: ibi tí a bá kùn ní dúdú, iṣẹ́ wa kì í hàn níbẹ̀, ibi tí ó bá funfun, yóò hàn kedere, ibi tí ó bá dàbí eérú, yóò hàn díẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé aṣọ tí ó ti wọnú aró kò ṣe é dá padà, ṣùgbọ́n ìbòjú ṣe é pa rẹ́, kí a sì tún un kùn.

A tún ń kọ́ bí àwọ̀ ti ń rìn láti ojú kọ̀ǹpútà dé orí ìwé. Ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, ṣùgbọ́n tàdáwà mẹ́rin ni ilé-ìtẹ̀wé ń lò, kì í sì í ṣe gbogbo àwọ̀ tí ń tàn lójú ẹ̀rọ ni tàdáwà lè ṣe. Ìdí nìyẹn tí aṣọ ẹbí tí ó mọ́ rekete lórí fóònù fi máa ń ṣú lórí ìwé. Bákan náà, fáìlì JPEG a máa pàdánù díẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá tún un ṣe tí a sì tún un fi pamọ́. Nítorí náà TIFF ni a fi ń tọ́jú ohun tí a fẹ́ kí ó dé ọwọ́ ọmọ-ọmọ wa.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bí Yaba College of Technology, tí a dá sílẹ̀ ní 1947, àti Pólì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1970, ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Ọdún méjì ni ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, kí ó tó kan ọdún méjì ti ìwé-ẹ̀rí gíga. Ẹni tí ó bá yè é já lè ṣiṣẹ́ ní ilé-ìtẹ̀wé, ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tàbí kí ó dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin àgbà wa, ọgbọ́n ọwọ́ nìkan kò tó. Ní Rọ́ṣíà, wọ́n pa Nikolai Yezhov, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá inú tẹ́lẹ̀, ní 1940. Àwòrán kan wà níbi tí òun àti Stalin ti dúró létí odò àtọwọ́dá; lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀, omi nìkan ni ó kù níbi tí ó dúró sí. Ní 1982, ìwé ìròyìn National Geographic fi ẹ̀rọ sún òkìtì àwọn ọba Íjíbítì mọ́ ara wọn kí wọ́n lè gba ojú ìwé, àwọn òǹkàwé sì bínú. Láti 2023, Photoshop fúnra rẹ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sí i, kí ó sì dá ènìyàn tí a kò bí rí sínú àwòrán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Níbí ni ó ti kan ìlú wa. Àwòrán ìlú kọjá ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Bí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ti ààlà ilẹ̀ bá dìde, àwòrán ni a ó gbé jáde pé, ‘Ẹ wo ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba.’ Bí ẹnì kan bá wá bẹ̀ wá pé kí a fi bàbá òun kún àwọn ìjòyè, tàbí kí a yọ bàbá ẹlòmíràn kúrò, kò nira rárá. Nítorí pé kò nira gan-an ni a ṣe gbọdọ̀ kọ̀ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n bí ojúlówó bá ti ṣègbé, kí ni òtítọ́ yóò gùn lé bá a?

Nítorí náà, a mú òfin mẹ́ta wá fún ìpàdé yìí láti fi ọwọ́ sí. Èkíní, kí a má ṣe tún ojúlówó ṣe láé. Kí a kà á sínú kọ̀ǹpútà, kí a tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà. Èkejì, kí a tún ohun tí ikán, ọ̀rinrin àti oòrùn bàjẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kí a má fi ènìyàn kún un, kí a má sì yọ ènìyàn kúrò. Ojú tí ikán bá ti jẹ, tí a kò sì ní àwòrán mìíràn tí a lè fi wé e, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a kọ ohun tí a ṣe sí abẹ́ gbogbo àwòrán tí a bá tún ṣe nínú ìwé ọdọọdún yìí. Ohun tí ó mú àwòrán ìbejì kúrò ní irọ́ náà nìyẹn: ẹni tí ó ń wò ó mọ ohun tí ó ń wò.

A tún bẹ ẹgbẹ́ pé kí a ra síkánà kan tí ó dára, kí a sì ran ọmọ méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ṣe ya àwòrán tí ó ti lẹ̀ mọ́ dígí kúrò lára rẹ̀. Ẹ gbé e wá tòun ti dígí. Ẹ kó àwòrán kọ̀ọ̀kan sí àpòòwé, kí ẹ sì bèèrè orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà nísinsìnyí tí wọ́n wà láàyè, kí ẹ kọ ọ́ sára àpòòwé náà kí ẹ tó kó àwòrán sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè tún ojú tí ó ṣá ṣe, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ ẹni tí a ti gbàgbé.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa tòrò, kí ó má ṣe jẹ́ kí ìtàn àwọn baba wa parun mọ́ wa lọ́wọ́.