Ẹ̀rí tí ó Wà nínú Òkú Ẹran: Àrùn Kátà àti Agbo Ilé Ìbàdàn

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa àrùn ewúrẹ́. N kò mọ abẹ́rẹ́ gún, n kò sì mọ bí a ṣe ń la òkú ẹran. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka ìwé, kí n sì máa bi ọ̀rọ̀ léèrè ohun tí ó gbé pamọ́. Ṣùgbọ́n òwe kan wà tí ó ti ń dà mí láàmú láti ìgbà èwe mi, àwọn onímọ̀ àrùn ẹran ni wọ́n sì jẹ́ kí n rí ibi tí ó kù sí. Gbogbo wa ni a mọ òwe náà: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?

Bẹyẹrúnkà ni agbo ilé wa wà. Ní ọdún 1981, ìyá bàbá mi ní ewúrẹ́ mẹ́fà. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn àtijọ́ yóò mọ̀ pé ewúrẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré lọ́wọ́ obìnrin àgbà. Owó tí kò sí ní báńkì ni: owó ìwé ọmọ, owó oògùn, owó ìnáwó òjijì. Ní ìgbà ọyẹ́, ìyá àgbà ra abo ewúrẹ́ kan sí i ní Ọjà'ba. Ẹran náà ti ń sín nígbà tí a fà á délé, ṣùgbọ́n ta ni kì í sín nígbà ọyẹ́? Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn ewúrẹ́ wa lọ da láfún tí aládùúgbò wa kan sá sí orí ẹní nù. Inú bí obìnrin náà, ó sì pariwo tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́: 'Ẹ ó rí i! Ẹran yín yóò jẹ ohun tí yóò pa á!' Ní ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí, ojú ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣepin, ikun dí wọn nímú, ètè wọn wú, ẹnu wọn ń rùn, ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀lé e. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, márùn-ún nínú méje ti lọ.

Ẹjọ́ náà kò gba àkókò rárá. Obìnrin náà ni ó ń bó ẹ̀gẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ a sì máa pa ewúrẹ́. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó sì fi sọ ọ́. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan fi òwe àjẹ́ àná yẹn dá ẹjọ́ náà, gbogbo ilé sì gbà. Oṣù kan kò pé tí ó fi kó ẹrù rẹ̀, tí ó sì mú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ lọ sí ilé àwọn ará rẹ̀ ní ẹ̀yìn Mápó.

Àrùn tí ó ní irú àmì wọ̀nyí ti ní orúkọ kí a tó bí mi. Ní ọdún 1942, Gargadennec àti Lalanne kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Côte d'Ivoire. Àwọn Faransé sì sọ ọ́ ní peste des petits ruminants, ìyẹn àjàkálẹ̀ àrùn àwọn ẹran kékeré tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Ní ọdún 1967, ní Yunifásítì Ìbàdàn níhìn-ín, Whitney, Scott àti Hill tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àrùn ẹnu àti ìfun àwọn ewúrẹ́ gúúsù Nàìjíríà. Kátà ni àwọn ará ìlú ń pè é. Orúkọ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀. Ọ̀rọ̀ òyìnbó fún ọ̀fìnkìn ni. Àwa gé e kúrú, a fi sọ àrùn ewúrẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé sì tún gbé e padà sínú ìwé òyìnbó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀. Ó ti ìlú òyìnbó wá, ó sì fi aṣọ òfì bora padà sílé! Ní ọdún 1970, Rowland àti Bourdin fi ohun tí wọ́n rí nínú ara òkú ẹran lábẹ́ awò hàn pé kátà tiwa àti àrùn àwọn Faransé, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á. Ìbátan fáírọ́ọ̀sì èèyi ni, àti ti àjàkálẹ̀ tí ó pa màlúù Áfíríkà ní àpatúnpa kí a tó kéde ní ọdún 2011 pé ó ti parẹ́ láyé. Kì í ran ènìyàn. Èémí, ikun, itọ́ àti ìgbẹ́ ni ó ń gbé e láti ara ẹran kan dé ara ẹran mìíràn. A máa ń yin ewúrẹ́ pé ó jẹ, ó relé, a sì ń fi ẹlẹ́dẹ̀ tí kì í wálé ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí ó jáde ní Bẹyẹrúnkà, tí ó fi imú kan imú ẹran ẹlòmíràn nídìí èèpo iṣu, tí ó sì relé ní ìrọ̀lẹ́, òun gan-an ni ó ń mú àrùn wọlé. Láti ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ara ẹran títí di ìgbà tí ibà yóò fara hàn, ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó sáábà máa ń jẹ́. Ibí yìí ni òwe wa ti kọsẹ̀. Ohun tí ó pa ọmọ kò ké lánàá. Ó ti wọlé láti ọjọ́ márùn-ún, ó dákẹ́, àwa ni a sì fi owó rà á.

Ní ọdún 2004, ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ onímọ̀ àrùn ẹran pè mí kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń yẹ òkú wò. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹran. Ó sì tì mí lójú pé n kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Òkú ewúrẹ́ kan wà lórí tábìlì. Ó la ẹnu rẹ̀: erìgì àti ahọ́n ti bó. Ó fi ẹ̀dọ̀fóró hàn mí: apá iwájú rẹ̀ ti le, ó pọ́n bí ẹ̀dọ̀. Nígbà tí ó la ìfun ńlá, mo rí ilà pupa tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọn onímọ̀ fi wé ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Èmi ọmọ Ìbàdàn, àbàjà ni mo rí, bí ẹni pé olóolà kan ti jókòó sínú ìfun náà kọ ọ́. Lábẹ́ awò, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró ti so pọ̀ di gọ̀ǹgọ̀. Májèlé ẹ̀gẹ́ kì í kọ irú ilà báyìí, ọ̀rẹ́ mi wí. Bí ó bá pọ̀ tó láti pa ewúrẹ́, láàárín wákàtí díẹ̀ ni yóò pa á, kò ní dúró kí ojú kọ́kọ́ ṣepin.

Mo jókòó sórí àga. Mo bi í bóyá ó lè sọ ohun tí ó pa ẹran ìyá àgbà. Ó ní òun kò lè sọ, nítorí kò sí ẹni tí ó la inú wọn wò. Òótọ́ ni. Nínú márùn-ún, a sin mẹ́ta, a sì dúńbú méjì kí wọ́n tó kú. A fi ẹ̀rí náà se ọbẹ̀, èmi náà sì jẹ níbẹ̀.

Lórí tábìlì kejì ni òkú ajá kan wà tí kókó ńlá yọ ní ojú ara rẹ̀. Àrùn àwọn ajá tí ń rìn kiri ìgboro ni. Mo rò pé fáírọ́ọ̀sì ni yóò tún jẹ́, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń ti ara ajá kan bọ́ sí ara èkejì nígbà tí wọ́n bá gun ara wọn. Ní Rọ́ṣíà, Novinsky ti mú irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ láti ara ajá kan dé ara òmíràn ní ọdún 1876. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2006 sì fi hàn pé gbogbo irú kókó wọ̀nyí, níbikíbi láyé, láti ara ajá kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣẹ̀, ajá tí ó ti kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àjẹ́ àná kẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ ewúrẹ́. Ohun tí ó ń dùn mí jù ni ọdún. Ọdún 1967 ni ìwádìí Ìbàdàn jáde. Ọdún 1981 ni a lé obìnrin yẹn. Ọdún mẹ́rìnlá ni ìmọ̀ náà fi wà nínú ìwé òyìnbó, ní ìlú kan náà, ní ibi tí takisí méjì péré lè gbé ènìyàn dé láti Bẹyẹrúnkà. Kò sí ẹni tí ó gbé e wọ takisí. N kò dá àwọn onímọ̀ àrùn nìkan lẹ́bi: àwa tí a ń pe ara wa ní olùkọ́ èdè, kí ni a fi èdè wa ṣe? Bákan náà ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára rí. Láti ara ewúrẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì kan ní ọdún 1975. Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di aláìlágbára, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1989. Nigeria 75/1 ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń lò ó káàkiri ayé, wọ́n ń ṣe é ní Vom, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá gún ẹran, ó ń dáàbò bò ó fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Àwọn àjọ àgbáyé sì ti fi ọdún 2030 ṣe gbèdéke pípa àrùn náà run. Nínú àwọn ìyá tí mo bi léèrè ní Ọjà'ba, kò sí ọ̀kan tí ó gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo wá ọmọbìnrin aládùúgbò wa yẹn rí. Ìyá rẹ̀ ti dolóògbé. Èlùbọ́ ni òun ń tà ní Bẹẹrẹ. Mo jókòó tì í, mo sọ ohun gbogbo tí mo ti sọ fún yín yìí, àti pé n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà, àti pé kí ó foríjì wá. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, 'Bùrọ̀dá, ìyá mi kò fi ẹnu kan ẹran ewúrẹ́ mọ́ títí ó fi kú.' Ó wọn èlùbọ́ fún oníbàárà kan. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, 'Abẹ́rẹ́ tí ẹ wí yẹn, èló ni?' Ewúrẹ́ mẹ́rin ni òun náà ń sìn.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ mi gbé ìgò abẹ́rẹ́ sínú kúlà oníyìnyín, a sì lọ sí ẹ̀yìn Mápó. A rí mẹ́ta mú. Ìkẹrin fo ògiri, ó sì bọ́ sí agbo ilé kejì. A ó padà lọ mú un.