Agbẹ̀bí, Oyún Àṣẹ̀ṣẹ̀ní àti Ẹ̀rọ Síkáànù
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún)

Mo gbọ́ pé àwọn ẹ̀ka wa ní òkè òkun fẹ́ ra ẹ̀rọ síkáànù fún ilé ìgbẹ̀bí wa. Olùkọ́ ni mí, èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n mo ti bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n léèrè, mo sì ti kàwé lórí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti kígbe ní ẹsẹ̀ òkè àpáta rí mọ̀ pé òkè a máa dá ohùn ẹni padà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ yìí. Ó ń rán ìró tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́ sínú ikùn. Èyí tí ó bá padà ni ó fi ń ya àwòrán. Kì í ṣe ìtànṣán bí ti X-ray. Ní ọdún 1958 ni Ian Donald, oníṣègùn ní Glasgow, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé jáde lórí rẹ̀. Lónìí, a lè fi òmíràn sápò.

Agbẹ̀bí yóò fi wò bóyá inú ilé-ọmọ ni oyún wà, bóyá ọkàn rẹ̀ ń lù, bóyá ìbejì ni, àti iye ọ̀sẹ̀ tí ó jẹ́. Nígbà mìíràn oyún a ṣìnà, a dúró sí ojú ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wá. Bí ọ̀nà náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè gba ẹ̀mí ìyá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ti ìbejì, tí ó pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 14 ni ó rọrùn jù láti mọ̀ bóyá ibi-ọmọ kan ni wọ́n jọ ń pín.

Ọ̀rọ̀ oṣù ni ó dùn mí jù. Àbúrò mi obìnrin kan lóyún. A ní kí ó má tètè sọ, nítorí ayé. Èmi náà wà lára àwọn tí ó gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ó di oṣù kẹjọ kí ó tó ṣe síkáànù. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tí wọ́n fẹ́ tètè gbẹ̀bí, kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ọmọ náà ti gbó. Síkáànù tí a bá ṣe kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 14 kì í sábà fi ju ọ̀sẹ̀ kan ṣì. Ti oṣù kẹjọ lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì. Ọlọ́run yọ ìyá. Ọmọ náà pẹ́ nínú àpótí ìtọ́jú.

Alága, ibi tí mo ń lọ nìyí. Agbẹ̀bí tí kò gbẹ̀kọ́ lè sọ fún ìyá pé oyún ti kú, nígbà tí ó kàn kéré jù láti fi ìlù ọkàn hàn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì; bí inú bá sì ń run ún, tàbí tí ó ń rí ẹ̀jẹ̀, yóò rán an sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà. Nítorí náà mo dábàá pé kí a má ná gbogbo owó yìí sórí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí a rán agbẹ̀bí wa méjì lọ kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ ọ̀gá, kí a sì ya owó iná àti ti àtúnṣe sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín lọ kí oṣù kẹta tó pé. Bí ẹ kò bá sọ fún ará àdúgbò, kò burú. Ẹ sọ fún agbẹ̀bí.