WBLS: Rédíò Tí Kì Í Bi Orin Pé Ọmọ Ta Ni

Ọ̀rọ̀ WBLS la mú wá, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní New York. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání nípa bó ṣe rí nígbà kan rèé: orin tó bá ti dùn, wọ́n á gbé e síta. Wọn kì í bi í pé ọmọ ta ni.

Percy Sutton, lọ́yà àti olóṣèlú láti Harlem, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló ra ilé iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Frankie Crocker ló ń yan orin. Ọkùnrin yẹn mọ orin! Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹ ó gbọ́ sóòlù, ẹ ó gbọ́ dísíkò, ẹ ó tún gbọ́ jáàsì, bí ẹ̀fọ́ rírò tí ẹran, pọ̀nmọ́ àti ìgbín jọ wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1973, ó ń lu "Soul Makossa" ti Manu Dibango, ọmọ Kamẹrúùnù wa níbí, títí àwọn ará New York fi ń wá àwo náà kiri. "Moody's Mood for Love" ló sì máa fi ń kí wọn pé ó dàárọ̀.

Crocker ni wọ́n ní ó sọ irú ètò tó ń da oríṣiríṣi orin pọ̀ yìí ní "urban contemporary".

Mo tún un sọ: orin tó bá ti dùn, wọ́n á gbé e síta. Ìdí nìyẹn tí ráàpù fi ráyè wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Mr. Magic bẹ̀rẹ̀ ètò tó jẹ́ kìkì ráàpù níbẹ̀, Marley Marl sì wà nídìí ẹ̀rọ.