Níbo Ni Òdo Wà Nínú Omídùn?



Ní Oshodi ni FIIRO wà, ilé ìwádìí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1956. Ibẹ̀ ni I. A. Akinrele wà nígbà tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1970 lórí bí ògì àgbàdo ṣe ń kan, tó sì tọ́ka sí Lactobacillus plantarum pé òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ásíìdì ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú omídùn, ìyẹn omi kíkan orí ògì, lónìí lè gbé e sínú NMR. Ẹ̀rọ yìí ń fi òòfà alágbára àti ìgbì rédíò bi átọ́ọ̀mù háídírójìn léèrè. Ìdáhùn oníkálukú á bọ́ sí ipò tirẹ̀ lórí ìlà tí a ń fi ppm kà. Ipò yẹn ni chemical shift. Ẹni tí kò mọ ibi tí òdo ìlà náà wà dà bíi télọ̀ tí téèpù rẹ̀ já níbẹ̀rẹ̀.

Nínú kúlórófọ́ọ̀mù, àmì kẹ́míkà TMS ni a ń fi ṣe òdo, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n TMS kì í bá omi pò. Àwọn kan á wá di àmì omi fúnra rẹ̀ mú, wọ́n á ní 4.7 ni. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius kan gòkè, àmì omi á fi nǹkan bí 0.01 ppm sọ̀ kalẹ̀: ní 25°C ó wà nítòsí 4.76, ní 37°C ó ti di 4.63. (Ẹ̀yin tí jẹnẹrétọ̀ yín ń gbé ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tí kò lè gbé amúlétutù, ẹ mọ ẹni tí mò ń bá wí.)

Nínú omi, kẹ́míkà TSP ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń fi ṣe òdo. Ó dára nínú omi tí kò kan. Omídùn ńkọ́? pH rẹ̀ sábà máa ń wà nítòsí 4 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, nígbà tí pKa TSP wà nítòsí 5. Bí omi ṣe ń kan ni TSP ń gba háídírójìn padà, òdo fúnra rẹ̀ á sì sún ní nǹkan bí 0.02 ppm. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ní pH 7, lactate àti threonine fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn lórí nítòsí 1.32. Tí omi bá kan, lactate á gòkè lọ sápá 1.4, ìrìn rẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń sọ bí ògì ṣe kan tó. Bí òdo náà bá ń rìn, ta la fẹ́ ní kó jẹ́rìí?

Kẹ́míkà DSS ni èmi gbà wọlé. Ìrù rẹ̀ jẹ́ sulfonate, kíkan ògì kò lè mú un yí padà. Òun náà ni IUPAC yàn ní 1998 fún pròtéènì àti irú wọn nínú omi. Ó ní àléébù: ó lè lẹ̀ mọ́ pròtéènì kan. Bí a bá sì ń ka kábọ̀nì-13 dípò háídírójìn, kò nílò òdo mìíràn. A ó fi ìpín 0.251449530 sọ ìgbì háídírójìn DSS di púpọ̀, òdo tirẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n yẹ BMRB, àkójọ àbájáde NMR àwọn pròtéènì, wò ní 2003, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ní kábọ̀nì-13 ló nílò àtúnṣe òdo.

Nítorí náà, ìwé oyè tó bá kàn kọ "D₂O, 400 MHz" láìsọ ohun tí wọ́n fi ṣe òdo, pH àti ìwọ̀n ooru, mo máa ń dá a padà fún ẹni tó ni ín.