ÌKỌLÀ LÁÀRIN ÀWỌN JÚÙ: ẸNU TÍ A FI Ń FA Ẹ̀JẸ̀ ÀTI Ẹ̀MÍ ỌMỌ TUNTUN

 

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì. Nínú ẹgbẹ́ yìí, bí a bá ti bímọ ọkùnrin, wọn a bi mí pé: “Màmá Nọ́ọ̀sì, ọsibítù ni ká gbé e lọ ni, àbí ọ̀dọ̀ olóólà?” Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká wo àwọn Júù, nítorí àwọn náà ń dá ọmọkùnrin lábẹ́ ní ọjọ́ kẹjọ.

Mohel ni wọ́n ń pe olóólà wọn. Bí ó bá kọlà tán, a fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde lójú ọgbẹ́. Tálímọ́ọ̀dù, ìwé òfin wọn àtijọ́, ka èyí sí ìtọ́jú ọmọ. Ẹnu ni wọ́n fi ń fà á látijọ́, àwọn kan tó rọ̀ mọ́ àṣà gan-an ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Kòkòrò àrùn herpes, tó máa ń mú egbò yọ sí ètè, lè wà nínú itọ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ohun tí kò ju egbò ètè lọ fún àgbà lè wọ ọpọlọ ọmọ tuntun, kó sì pa á. Fífi ọtí fọ ẹnu kò mú ewu náà kúrò. Ní New York, láti 2000 sí 2011, àwọn elétò ìlera ka ọmọ 11 tí ó jọ pé ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà kó àrùn náà. 2 nínú wọn kú. Ní 2012, ìlú náà pàṣẹ pé kí òbí kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé. Ní 2015, wọ́n fagi lé e, wọ́n sì fi ìwé ìlanilọ́yẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní 1837, Rábì Moses Sofer fèsì fún rábì kan ní Vienna pé a lè lo kànìnkànìn dípò ẹnu. Lónìí, ọ̀pọ̀ mohel ń lo ọ̀pá dígí tí a ti pa kòkòrò ara rẹ̀, tí ẹnu kò fi ní kan ọgbẹ́. Bí ara ọmọ kò bá sì yá, òfin wọn fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n dúró títí yóò fi yá.

Àwa náà ńkọ́? Mo ti gba ọmọ kan tí ẹnu rẹ̀ kò là mọ́ láti mu ọmú. Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni. Abẹ tí wọ́n fi dá a ti kan ọmọ mẹ́ta ṣáájú. A sin ín lọ́jọ́ kẹta. N kò gbàgbé ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi nìyí: ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá fọwọ́ kan ọmọ yín, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, kí ó lo abẹ tí kò tíì kan ẹlòmíràn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán omi ìgbín sójú ọgbẹ́. Kí aboyún sì gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Àṣà wa kò ní parun. Ọmọ ni kó má kú mọ́ wa lọ́wọ́.