Ọpọlọ Tó Mì: Ipò Neurofeedback nínú Ìtọ́jú Ẹni Tó Forí Ṣèṣe

Bí orí bá gbá nǹkan, tàbí tí ara bá fì lójijì, ọpọlọ á mì nínú agbárí. Ọpọlọ àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 1.4, ó rọ̀, omi ló yí i ká, egungun líle ló sì bò ó. Bí dírẹ́bà dánfó bá tẹ bíréèkì lójijì, ọkọ̀ á dúró, àmọ́ èrò á ṣì máa lọ síwájú títí wọn yóò fi kan àga iwájú: bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọpọlọ ń ṣe. Mímì yìí á na àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Pòtásíọ́mù tó yẹ kó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á tú síta, kálísíọ́mù á ya wọlé, ọpọlọ á sì nílò agbára púpọ̀ láti tún ara rẹ̀ tò, lásìkò kan náà tí ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá fún un dínkù. Ìdí nìyí tí àwòrán orí tí ẹ̀rọ CT ń yà kì í fi í sábà fi nǹkan kan hàn: kò sí ibi tó ya, iṣẹ́ ọpọlọ ló dàrú.

Kò dìgbà tí ènìyàn bá dákú kí ọpọlọ rẹ̀ tó mì. Ọ̀pọ̀ ló ń dìde fúnra wọn, tí wọ́n á gbọn eruku ara wọn dànù, tí wọ́n á ní kò sí nǹkan. Kò ní pẹ́ tí orí á máa fọ́ wọn, tí òòyì á máa kọ́ wọn, tí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo á di ìnira. Ẹlòmíì á máa béèrè ohun kan náà léraléra. Ẹlòmíì á máa bínú láìnídìí, oorun rẹ̀ á sì dàrú.

Ewu yìí lójú títì Àgbádárìgì

Láàárín Àgbárá àti Sẹ̀mẹ̀, ọ̀kadà ló ń gbé ọ̀pọ̀ èrò láti ẹ̀bá títì wọ abúlé. Ọdún 2009 ni iṣẹ́ fífẹ òpópónà Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni kòtò tó lè gbé ọlọ́kadà àti èrò ṣubú sì fi wà níbi tí iṣẹ́ kò tíì dé. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní June 2022, Àgbádárìgì kò sí lára wọn. Akoto ìdáàbòbò kò sì tètè mọ́ àwọn ènìyàn lára: nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú ọlọ́kadà láti dé e ní January 2009, igbá àti ike ọ̀dà ni àwọn kan ní Nàìjíríà gbé karí. Lẹ́bàá òkun, ẹni tó já lórí igi àgbọn àti apẹja tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé náà wà nínú ewu kan náà.

Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró: èébì léraléra, gìrì, oorun tí a kò lè jí ènìyàn nínú rẹ̀, ọmọlójú kan tó fẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi létí tàbí nímú, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ CT àti oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà, ló yẹ kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ iṣẹ́ abẹ yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá: ní 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn.

Bí kò bá sí àmì ewu, àwọn onímọ̀ tó pàdé ní Amsterdam ní 2022 fohùn ṣọ̀kan pé kí aláìsàn fara balẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48, kó má ṣe sùn sílé lọ́jọ́ gbọọrọ. Ó lè máa rìn díẹ̀díẹ̀ láàárín àkókò yìí, kó sì máa fi kún un bí ara bá ṣe gbà á. Agbábọ́ọ̀lù tí ọpọlọ rẹ̀ mì kò gbọdọ̀ padà sórí pápá lọ́jọ́ náà. Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà, ló yẹ ọpọlọ Mike Webster, ẹnì kan tó ń gbá American football, wò ní Pittsburgh ní 2002, tó sì fi hàn bí ìlù orí àlùtúnlù ṣe lè ba ọpọlọ jẹ́ pátápátá.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń sàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọdé lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn tí ìnira wọn kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ neurotherapy kàn.

Bí neurofeedback ṣe ń ṣiṣẹ́

Neurofeedback wà lára ohun tí wọ́n ń pè ní neurotherapy, ìyẹn ìtọ́jú tó ń gbìyànjú láti tún iṣẹ́ ọpọlọ ṣe. Dókítà Hans Berger ló kọ́kọ́ gba ìgbì iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀, ní Jámánì ní 1924; EEG ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é títí dòní. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, onímọ̀ kan, Barry Sterman, ní Kalifóníà kọ́ àwọn ológbò láti mú ìgbì kan pọ̀ sí i nínú ọpọlọ wọn. Nígbà tó wá fún wọn ní èròjà epo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń fa gìrì, àwọn tó ti kọ́ náà pẹ́ kí gìrì tó mú wọn.

Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe fún ènìyàn. Aláìsàn á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi ìpara tó ki lẹ irin pẹlẹbẹ kéékèèké tó ní wáyà mọ́ ọn lórí. Fíìmù á máa lọ lójú ẹ̀rọ. Bí ìgbì ọpọlọ rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n tí wọ́n ń wá, àwòrán á mọ́lẹ̀ kedere. Bí kò bá sí níbẹ̀, á ṣú. Ìjókòó kan lè gbà tó ìdajì wákàtí, wọ́n sì sábà máa ń ṣe é ní ìgbà 20 sí 40. Kò sí iná tó ń wọ ara: ẹ̀rọ ń gbọ́ ni, kì í sọ nǹkan.

Ìpara náà gbọ́dọ̀ kan awọ orí. Ṣùkú, kíkó tó há àti irun tí wọ́n fi àtàṣímẹ́ǹtì dì kì í jẹ́ kó kàn án dáadáa, nítorí náà obìnrin lè ní láti tú irun tàbí kó jẹ́ kí wọ́n la irun náà níbi tí irin á wà. Ìgbì tí ẹ̀rọ ń gbọ́ kéré débi pé ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóòlùtì (volt) ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ iná ìjọba àti ti jẹnẹrétọ̀ ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wáyà kò bá lẹ̀ dáadáa, ariwo iná ilé ni wọn yóò máa kà bí ẹni ń ka ti ọpọlọ.

Ẹ̀rí àti ààlà rẹ̀

Àwọn ìwádìí kan sọ pé orí fífọ́ àti àìlèfọkànsí dínkù lára àwọn tó gbà á. Púpọ̀ nínú wọn ló kó ènìyàn díẹ̀ jọ, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní àwọn mìíràn tí wọ́n fi wé wọn. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ọpọlọ tó mì ń sàn fúnra rẹ̀. Ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ fún oṣù mẹ́ta lè ti sàn láìsí ẹ̀rọ. Nínú ìwádìí lórí ìṣòro mìíràn, ìyẹn ti àwọn ọmọ tó ní ADHD (àìlèfọkànsí àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́), níbi tí àwọn kan gba ayédèrú neurofeedback láìmọ̀, àwọn tó gba ojúlówó kò sàn jù wọ́n lọ lọ́nà tó hàn gbangba.

Nítorí náà, àfikún ni neurofeedback, kì í ṣe arọ́pò. Fíṣíò fún ọrùn àti òòyì, eré ìdárayá tí a ń fi kún díẹ̀díẹ̀ àti àtúnṣe oorun ní ẹ̀rí tó lágbára jù ú lọ, owó wọn sì kéré. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ lẹ́yìn ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ rí dókítà kọ́kọ́, pàápàá bó bá ní wárápá. Ó lè fa àárẹ̀ àti ẹ̀fọ́rí fúngbà díẹ̀. Kí wọ́n kọ ìnira rẹ̀ sílẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún un wò lẹ́yìn ìjókòó mélòó kan. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ó tó kí wọ́n dáwọ́ dúró.